Afọ́kùúta ní Mpape

Obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì Wúsè
gbójú sókè, ó tún fọ́ọ̀mù náà wò.
"Rompisasso. Ẹ̀yà wo nìyẹn, màdáámù?
Ṣé Ìdọmà ni, àbí ará Kàlàbá?"
Mo ní ará Ìsánlú ni ìyá mi.
Ó ní kì í ṣe ìyẹn lòun bi mí.

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan
pé òkúta ló bí mi?

Nígbà tí wọ́n ń gé igbó láti fi kọ́ Àbújá,
ọkùnrin kan ti orí òkè kan wá ní Ítálì
láti fi dáínámáìtì la àpáta Mpape.
Iṣẹ́ tí baba ńlá wọn ń ṣe ni wọ́n fi ń pè wọ́n nílé:
rompi, fọ́ ọ; sasso, òkúta.
Afọ́kùúta. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Bàbá Shekwolo, tó máa ń bá a gbé kẹ̀ẹ̀gì omi,
kò rí i pè tán, "Rọ́mpì" ló ń pè é;
títí dòní ló rò pé orúkọ ọtí ni.

Ìyá mi ló ń ka típà tó bá kó òkúta jáde,
á fi báírò pupa fa igi mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn.
Bí ọ̀rọ̀ ṣe di tọkọtaya, n kò bi í.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin náà
fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí ìwé ìbí mi
kí ibà tó gbé e lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo ni wọ́n wò? Inú kọ̀ntéńà là ń gbé.

Bí ìyá mi bá ń wẹ̀ mí,
ó máa ń gbìyànjú àtifi oríkì sí i:
"Ọmọ a-fi-òòlù-sọ̀rọ̀,
ọmọ a-rí-àpáta-má-yà-lọ́nà,
ọmọ…" Ibẹ̀ ni yóò dúró,
torí kò mọ odò tí wọ́n ń mu, kò mọ èèwọ̀ wọn kan.
Á da omi lé mi lórí, á ní ó tó.

Ọdún kẹta rèé tí mo kọ lẹ́tà sí àlùfáà abúlé wọn.
Oṣù méje ló gbà á kó tó dáhùn.
Ó ní ilé mọ́kànlá ló ń jẹ́ orúkọ náà rí.
Ogun kó lára wọn, àpáta wó pa díẹ̀,
àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn ò kọ̀wé mọ́.
Àwọn ọmọbìnrin relé ọkọ,
wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà.
Ó ku Ersilia nìkan,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kò bímọ.
Ó ní òun ka lẹ́tà mi sí i létí,
ó sì béèrè bóyá òkúta ọ̀hún le.

Mo dá èsì padà pé ó le.
Mo ki ẹ̀rún rẹ̀ kan bọ àpòòwé. N kò mọ̀ bóyá ó dé.

Ṣé kí n wá ro gbogbo èyí fún obìnrin yìí?
Mo ní, "Ẹ kọ Yorùbá."
Ó tẹ̀ ẹ́, ó fa pépà yọ, ó nà án sí mi.

Mo ti dé ibùdókọ̀ kí n tó rí i
pé lẹ́tà kan ti bọ́. Rompisaso.
Mo kọ́kọ́ fẹ́ padà, ṣùgbọ́n oòrùn ń ta,
ìlà náà sì ti gùn dé géètì.
Mo wá ń rò ó: bí ìyá àgbà yẹn bá sùn tí kò jí,
tirẹ̀ tán nìyẹn.
Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, tí eyín rẹ̀ kan yọ,
kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ rí.

Bí ọkọ̀ wa ṣe ń gun òkè Mpape,
wọ́n yin dáínámáìtì ní kúárì.
Fèrèsé gbọ̀n. Ọmọ inú mi gbá mi nípàá.
Ẹni tó jókòó tì mí di àga mú, ó ní, "Jésù!"
Èmi dáhùn pé, "Sà?"